Òkè Ni Wọ́n Ń Wò, Wọn Kò Wo Ìsàlẹ̀: Ìtàn Ẹ̀tọ́ Aláàbọ̀ Ara Láti Wọ Ilé Gbogboògbò ní Nàìjíríà

Ìfáárà

Òwe Yorùbá kan sọ pé wọ́n pe amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà a máa fi òwe yìí kọ́ni pé orísun ọ̀ràn ni ó yẹ kí ènìyàn wá, kì í ṣe ibi tí ọ̀ràn ti yọjú. Ìtumọ̀ yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú òwe náà tí a kì í sábà kíyè sí. Amúkùn-ún ni ó gba ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò tọrọ àánú, kò sì dákẹ́. Ó fi yé àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ ẹrù rẹ̀ pé wọn kò tíì mọ ìdí ọ̀rọ̀.

Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn aláàbọ̀ ara ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti mú ìdáhùn amúkùn-ún náà tẹ̀ síwájú. Wọ́n ní kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹsẹ̀ náà rìn pẹ̀lú jẹ́ ìsàlẹ̀: àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ tí kò ní ọ̀nà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, gọ́tà tí kò ní ìdérí, ilẹ̀kùn báńkì tí ó fún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè wọ̀. Bí ènìyàn kò bá lè wọ ilé ẹjọ́, kò sí bí yóò ṣe rojọ́. Bí kò bá lè dé ibi ìdìbò, a kò lè sọ pé ó ní ìbò lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn àti ilẹ̀kùn fi di ọ̀rọ̀ òfin.

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ bí ẹ̀tọ́ yìí ṣe wọ inú òfin Nàìjíríà, láti orí ìgbàgbọ́ àtijọ́ títí dé òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 àti ohun tí ó tẹ̀ lé e. Kókó tí ó dì mú ni pé ìrìn àjò láti inú àánú lọ sínú ẹ̀tọ́ ni ìtàn náà, àti pé èdè tí a fi ń pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí kó ipa nínú ìrìn àjò ọ̀hún.

Ẹni Òrìṣà àti Aláàbọ̀ Ara

Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ Yorùbá, Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn kí Olódùmarè tó mí èémí sí i. Wọ́n ní ó mu ẹmu ní ọjọ́ kan, ó yó, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gún mọ́. Lọ́jọ́ náà ni ó mọ arọ, abuké, àfín àti afọ́jú. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó gba gbogbo wọn sí abẹ́ ààbò ara rẹ̀, ó sì sọ ẹmu di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà, ẹni òrìṣà, ti wá. Àdúrà tí a máa ń ṣe fún aboyún pé kí òrìṣà ya ọnà ire kò ó kò ṣẹ̀yìn ìgbàgbọ́ kan náà.

Ohun méjì ni ìtàn yìí ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́nà kìn-ín-ní, ó mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tí a bí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀; ọwọ́ òrìṣà ni ó ti wá, ẹni tí ó bá sì fi í ṣe ẹlẹ́yà, òrìṣà ni ó fi ṣe ẹlẹ́yà. Òwe tí ó ní a kì í ka ìka lójú oníka mẹ́sàn-án bá èyí mu. Lọ́nà kejì, ó ya ẹni náà sọ́tọ̀. Ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún nítorí òrìṣà kì í ṣe ẹni tí a ń bá dúnàádúrà lọ́jà bí ẹgbẹ́ ẹni. A bẹ̀rù rẹ̀, a fún un ní nǹkan, a yà fún un. Ìbọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ààbò náà sì wà, ṣùgbọ́n bí inú olùfúnni bá ṣe rí ni ẹ̀bùn ṣe ń rí. Àánú lè kún lónìí kí ó gbẹ lọ́la, kò sì sí ẹni tí a lè pe àánú lẹ́jọ́ fún.

Àwọn orúkọ tí èdè Yorùbá lò lẹ́yìn èyí fi ìyípadà hàn. Abirùn so ara ẹni náà pọ̀ mọ́ àrùn, bí ẹni pé dókítà nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn. Aláàbọ̀ ara, tí ó gbilẹ̀ jù lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn, ń ka ohun tí kò pé: ààbọ̀ kì í ṣe odidi. Akàndá ẹ̀dá gbìyànjú láti dá ọlá ẹni òrìṣà padà láìdárúkọ òrìṣà. Ẹni tí a mọ̀ọ́mọ̀ dá lọ́tọ̀ ni. Èyí tí ó dé kẹ́yìn ni ẹni tí ó ní ìpèníjà ara, èyí tí ó wo ara gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń pe ènìyàn níjà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni ó ní ìwúlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó ṣì ń wo ara ẹni náà. Kò sí èyí tí ó wo àtẹ̀gùn nínú wọn. Nínú iṣẹ́ yìí, aláàbọ̀ ara ni a ó lò, nítorí pé òun ni etí àwọn ènìyàn mọ̀ jù.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Dé

Agbo ilé Yorùbá àtijọ́ kì í ṣe párádísè fún arọ. Pèpéle wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà a máa rẹlẹ̀, òjò a sì máa sọ àgbàlá di ẹrẹ̀. Síbẹ̀, orí ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń parí ìjà, ojú ọjà, gbàgede ààfin: ẹni tí ń fi ọwọ́ rìn lè dé ibẹ̀ bí ó tilẹ̀ pẹ́, òun àti adájọ́ a sì wà ní orí ilẹ̀ kan náà.

Ní Àgbádárìgì, àwọn míṣọ́nnárì fi ìpìlẹ̀ ilé kan lélẹ̀ ní ọdún 1842, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1845. Ilé náà ni a kà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà. Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ohun tí ó sì ń tọ́ka sí nínú èdè tí a ti yá a ni òkè àtẹ̀gùn. Èdè kì í yá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tuntun ni ó wọlé. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kúrò ní ilé òyìnbó ó di àmì ọlá àti ibùjókòó àṣẹ. Ọ́fíìsì ọ̀gá wà lókè. Kóòtù wà lókè. Nígbà tí Ilé Kòkó parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965 pẹ̀lú àjà 26, ìlọsíwájú ni gbogbo ènìyàn rí nínú rẹ̀, wọn kò sì jayò pa. Ṣùgbọ́n bí ilé ìjọba kéékèèké ti ń gòkè káàkiri ìgboro láìní lífítì, tàbí tí ó ní lífítì tí kì í ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ, ilẹ̀ tí adájọ́ àti arọ jọ wà tẹ́lẹ̀ pín sí méjì. Kò sí òfin tí ó ní kí arọ má wọlé. Kò sí ẹni tí ó lé e. Àwọn tí wọ́n kọ́ ilé kò rántí rẹ̀ ni, ìgbàgbé náà sì lágbára ju èèwọ̀ lọ, nítorí pé a lè bá ẹni tí ó ka nǹkan léèwọ̀ jiyàn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá sìmẹ́ńtì jiyàn?

Ìrírí Amẹ́ríkà

Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ìgbàgbé yìí ti kọ́kọ́ di ẹ̀sùn nínú òfin. Ní ọdún 1973, òfin kan jáde níbẹ̀ tí abala 504 rẹ̀ sọ pé ètò èyíkéyìí tí ó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ti aláàbọ̀ ara sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ìlànà tí a ó fi mú un ṣẹ kò jáde. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá a dúró. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 1977, àwọn aláàbọ̀ ara wọ ọ́fíìsì ìjọba ní ìlú mélòó kan, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Ní San Francisco, níbi tí Judith Heumann ti wà lára àwọn aṣáájú, wọ́n sùn níbẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Black Panther, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n ń gbé oúnjẹ gbígbóná wá fún wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, mínísítà tí ọ̀rọ̀ kàn, Joseph Califano, fọwọ́ sí ìlànà náà.

Owó ìjọba nìkan ni òfin yẹn tẹ̀ lé. Ilé ìtajà, ilé oúnjẹ àti ọkọ̀ aládàáni kò sí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òfin tí yóò kó wọn mọ́ ọn ń falẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọ̀pọ̀ ènìyàn péjọ sí iwájú ilé náà ní Washington ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹta, ọdún 1990. Àwọn bíi 60 nínú wọn fi kẹ̀kẹ́ àti ọ̀pá wọn sílẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ àti ìgbúnwọ́ rá gun àtẹ̀gùn ilé ìgbìmọ̀. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ wà lára wọn. Wọn kò nílò láti sọ̀rọ̀ púpọ̀: wọ́n mú kí àwọn aṣòfin wo ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje ọdún náà, Ààrẹ George Bush fọwọ́ sí òfin àwọn aláàbọ̀ ara Amẹ́ríkà.

Òfin náà fi ìwọ̀n ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ baà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gùn ún. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀nà tí ó dúró ṣánṣán kì í ṣe ọ̀nà. Ẹni tí ó ní láti pe ọkùnrin mẹ́ta kí wọ́n wá ti òun ṣì wà nínú àánú.

Síbẹ̀, òfin kò wó àtẹ̀gùn lójijì. Ní ìpínlẹ̀ Tennessee, wọ́n pe ọkùnrin kan tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́jọ́ ní kóòtù tí ó wà ní àjà kejì, ilé náà kò sì ní lífítì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó rá gun òkè. Nígbà tí wọ́n tún pè é, ó ní òun kò ní rá mọ́, òun kò sì ní jẹ́ kí ọlọ́pàá gbé òun. Wọ́n mú un pé kò wá sí kóòtù. Ẹjọ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde, Tennessee lòdì sí Lane, dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọdún 2004, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá a pé a lè pe ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́ bí kò bá jẹ́ kí aláàbọ̀ ara wọ ilé ẹjọ́ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ni ìgbà kejì yẹn. Wọ́n fi ìrànlọ́wọ́ lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Ẹ̀tọ́ ni ó ń wá.

Nàìjíríà: Láti Ogun Abẹ́lé dé Àdéhùn Àgbáyé

Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 sọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin di aláìlẹ́sẹ̀ àti aláìlójú. Lára àwọn tí wọ́n jà fún Biafra, àwọn kan tí wọ́n wà ní Oji River jókòó sí ẹ̀bá òpópónà lórí kẹ̀kẹ́ arọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń gba ohun tí àwọn arìnrìn-àjò bá jù sí wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn ìjọ àti ìjọba kọ́kọ́ fi dá ọ̀rọ̀ náà lóhùn. Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Ilé ẹ̀kọ́ afọ́jú Pacelli bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1962. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí ń kọ́ olùkọ́ fún irú ẹ̀kọ́ yìí sì dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ṣe, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni wọ́n sì bí. Ṣùgbọ́n ilé tiwọn lọ́tọ̀ ni. Ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ tí ó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ṣì máa bá àtẹ̀gùn kan náà pàdé ní ilé iṣẹ́ tí ó ti fẹ́ wáṣẹ́.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 1981 sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì fi ọdún 1983 sí 1992 ṣe ẹ̀wádún wọn. Ní Nàìjíríà, ìjọba ológun gbé àṣẹ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ wọn ní ọdún 1993. Ọdún tí ìdìbò June 12 dàrú ni, kò sì sí àjọ tí ó dìde láti gbé àṣẹ náà ró. Orí ìwé ni ó kú sí. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé, abala 42 ìwé òfin ọdún 1999 ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀ nítorí ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn tàbí èrò ìṣèlú, ó sì mẹ́nu kan ipò tí a bí ènìyàn sí. Kò dárúkọ àbùkù ara. Lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí ẹni tí ó lé wọn jáde. Wọ́n gbàgbé wọn ni.

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara wọlé. Abala 9 rẹ̀ dá lórí ọ̀nà wíwọlé: ilé, ojú títì, ọkọ̀, àti ìròyìn pẹ̀lú. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ọdún 2007, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 2010. Ẹni tí kò bá mọ òfin lè rò pé ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Kò parí. Abala 12 ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé àdéhùn tí a bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò lè ní agbára òfin nílé àyàfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà, aláàbọ̀ ara tí ó bá dúró níwájú àtẹ̀gùn ní ọdún 2010 ní ẹ̀tọ́ lójú àgbáyé, kò sì ní i lójú adájọ́ tí ó wà lókè àtẹ̀gùn náà.

Òfin Èkó àti Òfin Àpapọ̀

Ìpínlẹ̀ Èkó kò dúró de Àbújá. Ní ọdún 2011, Gómìnà Babatúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin àwọn akàndá ènìyàn ìpínlẹ̀ náà, ọ́fíìsì tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012. Ní Àbújá, àbá òfin àpapọ̀ dé iwájú Ààrẹ Goodluck Jonathan ní ọdún 2011 àti ní ọdún 2015, kò sì fọwọ́ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ aláàbọ̀ ara kò jókòó; wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n sì ń wọ́de. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i. Ọdún 2018 ni ó wà lára orúkọ òfin náà.

Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè fi orúkọ òfin méjèèjì wé ara wọn. Òfin Èkó pe àwọn tí ó dáàbò bò ní ènìyàn pàtàkì, èyí tí ó sún mọ́ akàndá ẹ̀dá àti ẹni òrìṣà ju bí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ ti lè rò lọ. Òfin àpapọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ìyàsọ́tọ̀ ni ó fi sí iwájú orúkọ rẹ̀: òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ni. Kò wí pé ara ẹnikẹ́ni ni ó ní àṣìṣe. Ohun tí ó pè ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ìwà ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn. Ojú òfin ti kúrò ní òkè, ó ti wo ìsàlẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bá orúkọ náà mu. Aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilé gbogboògbò bí ẹlòmíràn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò jẹ́ kí ó ṣeé wọ̀ àti kí ó ṣeé lò, títí kan lífítì níbi tí ó bá yẹ àti ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀bá títì àti ibi tí a ti ń sọdá kò gbọdọ̀ yọ ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ tàbí afọ́jú sílẹ̀. Àwọn tí ń fọwọ́ sí àwòrán ilé gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ìlànà yìí mu kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ìjìyà sì wà fún òṣìṣẹ́ tí ó bá gbójú fò ó. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ yóò san owó ìtanràn ₦1,000,000. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan ni, ₦100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Àwọn agbanisíṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 ààyè iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Òfin náà tún ṣe ohun kan tí ó kan ọkàn ìtàn yìí gan-an: ó sọ fífi aláàbọ̀ ara ṣagbe di ẹ̀ṣẹ̀. Òfin tí ó ṣí ilẹ̀kùn kan ni ó ti ilẹ̀kùn kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ibi tí ó yẹ kí aláàbọ̀ ara wà ni ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí abẹ́ afárá.

Ọdún Márùn-ún àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Aṣòfin mọ̀ pé a kò lè tún gbogbo ilé kọ́ lọ́jọ́ kan. Òfin náà fún àwọn tí wọ́n ni ilé gbogboògbò ní ọdún márùn-ún láti fi tún wọn ṣe. A dá àjọ orílẹ̀-èdè fún àwọn aláàbọ̀ ara sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ, aṣáájú rẹ̀ àkọ́kọ́ sì gba iṣẹ́ ní ọdún 2020. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn èyí, ní òpin oṣù Kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ kan ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà kọ̀ láti gba arákùnrin kan wọlé nítorí pé ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Kì í ṣe àtẹ̀gùn ni ó dí i lọ́nà lọ́tẹ̀ yìí; ẹnu ènìyàn ni. Ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri orílẹ̀-èdè. Àjọ tí ń bójú tó pápákọ̀ òfuurufú ti ilé oúnjẹ náà pa, ó tọ́ka sí òfin ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì ní kí wọ́n kọ̀wé tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà pé àwọn kì yóò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi ohun méjì hàn. Ó fi hàn pé òfin tí àwọn ènìyàn ti ń pè ní ìwé lásán lè ní eyín. Ó sì fi hàn pé eyín náà kò tíì kan àwọn tí kò lókìkí. Aláàbọ̀ ara tí báńkì dá padà nítorí pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gba ẹnu ilẹ̀kùn onígíláàsì tí ń gba ẹnìkan ṣoṣo kì í sábà di ìròyìn. Ẹnu géètì ni òun ti ń ṣe iṣẹ́ báńkì rẹ̀, nínú oòrùn, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí ó bá ṣàánú rẹ̀ jáde wá.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Ilẹ̀kùn tí ó gbòòrò kò ran adití lọ́wọ́ bí kò bá sí ògbufọ̀ tí ó gbọ́ èdè adití nínú kóòtù. Ìwé ìkìlọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn kò bá afọ́jú sọ̀rọ̀. Òwe ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìlú tí ó bá la ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ọjà rẹ̀ ni ó pinnu ẹni tí yóò tà àti ẹni tí kò ní tà, bí kò tilẹ̀ wí bẹ́ẹ̀.

Àwùjọ Yorùbá pàápàá ti ń fi ojú tuntun wo ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí olórin Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ní ọdún 1997, orí kẹ̀kẹ́ ni ó ti ń kọrin, àwọn ọlọ́lá sì ń náwó fún un lójú agbo. Kò sí ẹni tí ó ń ṣàánú rẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jó níwájú rẹ̀ kì í sábà bi ara wọn léèrè bí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ ṣe ń dé orí pèpéle tí ó ga. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ayẹyẹ ni ó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe olórin ni ó wà lórí kẹ̀kẹ́, bí ó bá jẹ́ ìyá ìyàwó ni, ìta ni ìyá náà yóò ti máa gbọ́ ìlù. Àgbà sì ń bọ̀ wá bá gbogbo ènìyàn. Ẹsẹ̀ tí ó ń fò gun àtẹ̀gùn lónìí ni yóò wá ọ̀pá lọ́la.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí sọ kò ní kí a kó ìgbàgbọ́ àwọn baba ńlá dànù. Ẹni òrìṣà jẹ́ orúkọ tí ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ẹlẹ́yà ní ìgbà tí kò sí òfin kankan tí yóò gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí òrìṣà fi lélẹ̀ ni ààbò, ohun tí òfin ń gbìyànjú láti fi lélẹ̀ sì ni ààyè. Ààbò lè wà fún ẹni tí ó jókòó sílé. Ààyè ni ó ń mú un jáde.

Ẹrù iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ òfin ọdún 2018, àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì tíì ní ẹlẹgbẹ́ tí ó fìdí múlẹ̀ ní Yorùbá. Bírísopé àti kápẹ́ńtà tí ń kọ́ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Àkúrẹ́ kò lè pa òfin tí wọn kò gbọ́ mọ́. Bí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá di ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe mọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìdajì iṣẹ́ òfin náà ti ṣe.

Èdè Yorùbá ti fi ohun èlò kan síbẹ̀ fún wọn. Ara ọ̀rọ̀ ìṣe náà, tọ́, ni a ti ṣẹ̀dá ẹ̀tọ́, ohun tí ó bá sì tọ́ ni òdìkejì ohun tí ó wọ́. Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́. Títí di àìpẹ́ yìí, àwọn tí ń wò ó rò pé ojúṣe àwọn ni láti bá a káàánú, tàbí láti bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀. Amúkùn-ún kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ẹrù òun. Ó ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́, kí wọ́n sì tọ́ ọ.